Ọmọ mi ní òun ní depression: ṣé àìsàn ni, àbí fóònù ló kọ́ ọ?

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 15 ní oṣù tó kọjá, SS2 ló wà. Láti bí oṣù mẹ́ta ni kì í ti í jẹun dáadáa mọ́. Bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, yàrá ló ń wọ̀ lọ tààrà, èsì ìdánwò rẹ̀ sì ti já wálẹ̀. Nígbà tí mo pè é jókòó, ó wò mí lójú, ó ní, "Mọ́mì, ó jọ pé mo ní depression." Bàbá rẹ̀ ní fóònù ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ yẹn, ó sì ti gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò mi ní kí n mú un lọ sí orí òkè fún ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní kí n mú un lọ sí Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àìsàn gidi ni ohun tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè bẹ́ẹ̀? Bí mo bá sì mú un lọ sí Àrò, tí ẹni tó mọ̀ wá rí wa lẹ́nu géètì, ta ni yóò fẹ́ ẹ lọ́la?

* * *

Ìbéèrè méjì lẹ bi, ìyá wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ so wọ́n pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ nípa àìsàn, èkejì jẹ́ nípa géètì. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùdámọ̀ràn fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Abẹ́òkúta fún ọdún 11, ohun tí ojú mi sì ti rí ni pé géètì máa ń pa ọmọ lára ju àìsàn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti fóònù, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó fèsì ṣáájú mi dì mú. Bàbá ọmọ yìí kò jẹ̀bi tán. Inú fóònù ni ọmọ náà ti rí ọ̀rọ̀ yẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn ti rí orúkọ nǹkan yàtọ̀ sí ibi tí nǹkan náà ti wá. Bí ọmọ bá kọ́ nípa ibà nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, tí ara rẹ̀ wá gbóná lọ́jọ́ kejì, a kì í sọ pé ìwé ló kó ibà ràn án.

Mo gbà pé àwọn ọmọ ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Mo ti gbọ́ tí ọmọkùnrin kan ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ní depression nítorí pé wọ́n na ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí òun fẹ́ràn. Kó tó di àkókò ìsinmi, ó ti ń bá wọn jà lórí búrẹ́dì. Ìyẹn kò ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tí mo máa ń wò ni bó ti pẹ́ tó àti ohun tó ti dá dúró nínú ayé ọmọ náà: oúnjẹ, oorun, ìwé, ọ̀rẹ́. Bó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkan wọ̀nyí sì ń yingin, mi ò ní pè é ní àwàdà. Oṣù mẹ́ta lẹ kọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú àwọn ọmọ ọdún 10 sí 19, ọ̀kan nínú méje ló ní ìṣòro ìlera ọpọlọ kan tàbí òmíràn. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún kíláàsì tó ní ọmọ 42, mẹ́fà ni yóò jẹ́. N kò rò pé fóònù ló bí gbogbo wọn.

Ẹ bá mi bẹ bàbá kó dá fóònù padà. Kì í ṣe pé fóònù dára fún un láti òru mọ́jú, ẹ lè bá a fi àkókò sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ti rí lójú ọmọ náà: ó sọ òótọ́ inú rẹ̀ lónìí, wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. Bó bá di ọ̀tunla, kò ní sọ mọ́.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan fèsì pé nígbà tí àwọn wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní 1979, kò sí ẹni tó ní irú àìsàn yìí, pé pàṣán ni wọ́n fi ń wo ọmọ tó bá sorí kọ́, ó sì ń san. Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí yín, ṣùgbọ́n n kò gbà.

Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Àrò níbí, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó ń rí. Orí ń gbóná wọn, nǹkan ń rìn wọ́n ní àtàrí, ojú wọn ń ṣú bí wọ́n bá ti ṣí ìwé, ohun tí wọ́n kà kì í dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń pè é ní brain fag, ìyẹn àárẹ̀ ọpọlọ, orúkọ yẹn náà sì ni ó fi kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn. Ọdún 19 ṣáájú 1979 nìyẹn. Kí dókítà òyìnbó kankan tó dé rárá, àwọn àgbà wa ti ní òde orí: ohun tó ń rìn nínú orí, tó ń hó létí, tó ń mú àyà já. Ṣé pàṣán wo òde orí? Ó pa ẹnu ọmọ mọ́ ni.

Ọmọkùnrin kan wọlé tọ̀ mí wá ní ìgbà tí WAEC ku oṣù kan. Kò sọ pé inú òun bàjẹ́, kò sọ depression. Ó kàn gbé àtàǹpàkò lé àárín orí rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wá ibi tí egbò wà, ó ní, "Ó ń rìn bí èèrà, mà." Wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ fún ibà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti fún un ní oògùn táífọ́ọ̀dù, wọ́n ti ra awò ojú fún un, awò náà sì wà nínú àpò àyà rẹ̀, kò lò ó. Mo bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Ó ronú títí, ó ní ọ̀sẹ̀ tí bàbá òun ta ọ̀kadà tó ń fi ṣiṣẹ́ láti fi san owó ìdánwò òun ni.

Kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Awò ojú ló yá wọn láti rà.

* * *

Fún ẹni tó kọ̀wé pé "ìgbó ni gbogbo wọn ń mu": oògùn olóró lè da orí ènìyàn rú, òótọ́ ni, ọmọ tí orí rẹ̀ ti ń dàrú tẹ́lẹ̀ náà sì lè sá wọ inú rẹ̀ láti wá oorun. Ṣùgbọ́n nítorí pé èrò yìí ti borí gbogbo èrò yòókù, bí ọmọ bá ní òun kì í sùn, àpò ìwé rẹ̀ la kọ́kọ́ ń tú.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ohun tí àwọn ọmọ fúnra wọn mọ̀, nítorí pé àwa àgbà ti ń sọ̀rọ̀ lé wọn lórí bí ẹni pé wọn kò sí ní ìjókòó.

Ní sáà kan, mo pín bébà pélébé fún kíláàsì SS1 kan, mo ní kí wọ́n kọ ohun tó bá kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn bí wọ́n bá gbọ́ "àìsàn ọpọlọ", kí wọ́n má sì kọ orúkọ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ orúkọ ibi tí wọ́n ti rí wèrè ní Abẹ́òkúta níbí: Kútọ̀, Ìtòkú, Panṣẹ́kẹ́. Àwọn kan ya ọkùnrin tó wà ní ìhòòhò. Àwọn kan kọ "ìgbó", àwọn kan kọ "wọ́n fi ṣe é ni". Ọ̀kan kọ "Àrò" lásán, ó sì fa ìlà méjì sí i nídìí. Bébà kan wà tí n kò lè gbàgbé. Ẹni tó kọ ọ́ ti fi báírò pa gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ́, ṣùgbọ́n bí mo gbé e sókè sí ojú fèrèsé, mo rí i kà: "Èmi náà kì í sùn." Lábẹ́ rẹ̀ ló wá kọ èyí tó fẹ́ kí n rí: "Wèrè ni ẹni tó ń rìn ní ìhòòhò."

Ọmọ yẹn mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi pè é ni wèrè, ó wo ara rẹ̀, ó rí i pé òun wọ aṣọ, ó sì pa òótọ́ rẹ̀ rẹ́.

Èdè wa kò sì tòṣì. A ní wèrè, a ní asínwín, a ní abísínwín fún ìyá ọmọ tuntun, a ní wèrè ìran, a ní òde orí, a ní ìrẹ̀wẹ̀sì, a ní ìsoríkọ́. Àwọn baba wa ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Àwa la da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò kan, tí a sì ń fi bú ara wa. Ẹ dúró ní Panṣẹ́kẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, kí ọlọ́kadà kan já wọ iwájú ọkọ̀ lójijì, ẹ ó gbọ́ "wèrè aláṣọ" kó tó kọjá. Ní ìlú wa níbí, "Àrò ló yẹ ọ́" ni èébú ọmọdé. Ní Èkó, "Yaba Left" ni wọ́n ń pè é, nítorí ilé ìwòsàn tó ti wà ní Yábàá láti 1907. Orúkọ ibi ìwòsàn la fi ń ṣépè fún ara wa, a sì ń ṣe kàyéfì pé ọmọ kò fẹ́ lọ síbẹ̀.

Èyí ló fà á tí ọmọ yín fi sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyá wa. Kì í ṣe pé ó ń ṣe fáàrí. Depression kò tíì rìn ní ìhòòhò ní ọjà wa.

* * *

Ó wá kan géètì àti ìgbéyàwó, tí ọ̀pọ̀ ìyá ń bi mí ní kọ̀rọ̀ àmọ́ tí ẹ̀yin bi ní gbangba.

Ẹ̀rù yín kì í ṣe àlá. Wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ní 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàrin ènìyàn 2,040 ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta ní ilẹ̀ Yorùbá. Nínú 100, ó lé ní 96 tó gbà pé oníjàgídíjàgan ni ẹni tó bá ní àìsàn ọpọlọ, nǹkan bí 83 ní ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá a sọ̀rọ̀ lásán, nǹkan bí 17 péré ló ní àwọn lè rò ó láti fẹ́ ẹ. Nítorí náà n kò ní bá yín jiyàn pé ayé yóò fi ọwọ́ méjèèjì gba ọmọ yín. Èrò tèmi ni pé bí a bá bi àwọn èèyàn wa ní irú ìbéèrè yẹn, ọkùnrin tó ń rìn ní ìhòòhò ní Ìtòkú ló ń wá sí wọn lójú, kì í ṣe ọmọ ọdún 15 tó wà ní SS2.

Àmọ́ ìtàn mìíràn wà ní ìlú kan náà yìí, ó sì máa ń dùn mí pé àwọn ọmọ wa kò mọ̀ ọ́n. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò ní 1954. Dípò kó ti gbogbo aláìsàn mọ́lé, ó ṣètò kí wọ́n máa gbé nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ìbátan kan tí yóò máa se oúnjẹ fún wọn. Wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n ń padà sí abúlé lálẹ́, ará abúlé sì ń gba owó ilé lọ́wọ́ wọn. Àwọn àgbẹ̀ tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ bá aláìsàn gbé àgbàlá kan náà, wọn kò sá. Gbogbo ayé ló wá kọ́ ọgbọ́n yẹn, Lambo sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ìlú tó ṣe èyí ni "Àrò" ti di èébú.

Mo ti ń rìn jìnnà, ẹ má bínú. Ìdáhùn tó wúlò fún yín nìyí: kò pọn dandan kí ẹ kọ́kọ́ gba géètì Àrò wọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín, níbi tí gbogbo ènìyàn ń gba káàdì fún ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, kí dókítà ibẹ̀ wò ó, kó sì kọ ìwé fún yín bó bá rí i pé ó yẹ kí ẹ lọ síwájú. Yunifásítì Ìbàdàn ní ibùdó ìlera ọpọlọ fún ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ilé ìwòsàn Yábàá náà ní ẹ̀ka ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì. Ní ti ọkọ: ọmọ ọdún 15 ni. Kó tó di ẹni tí wọ́n ń fẹ́, ó yẹ kó jẹun lónìí ná.

* * *

Orí òkè ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin yín, mo sì rí i pé apá kan ń bú pásítọ̀, apá kejì ń bú dókítà. N kò ní dá sí ìjà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà, mo máa ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ mi náà. Lambo fúnra rẹ̀ bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ń sọ kéré ju ìyẹn lọ: a kì í gba ààwẹ̀ fún ọmọ tí kò jẹun kánú láti oṣù mẹ́ta. Kí àbúrò yín gba ààwẹ̀ náà fún un, bó bá fẹ́.

Ibikíbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ máa lọ, tàbí tí ẹ rí ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ mú ọmọ yín kí ẹ padà. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch tú u síta pé wọ́n ń so ènìyàn mọ́lẹ̀ ní ilé àdúrà Kírísítẹ́nì, ní ti Mùsùlùmí, ní ti oníṣègùn ìbílẹ̀, àti ní àwọn ibùdó ìjọba pẹ̀lú. Kò sí ẹ̀sìn tó lè nàka sí èkejì lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

* * *

Olùkọ́ kan bi mí pé ṣé kò yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀ bí ọmọ kan bá ń gba ìtọ́jú. Mo ti rò bẹ́ẹ̀ rí, n ó sì sọ ohun tó dé.

Ní ọdún kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́, ní ilé ẹ̀kọ́ tí n kò sí níbẹ̀ mọ́, ọmọbìnrin kan padà wálé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ti ń gba ìtọ́jú. Ìyá rẹ̀ ti bẹ̀ mí pé kó má tẹnu mi jáde. Mo sọ fún olùkọ́ méjì péré ní yàrá olùkọ́, mo rò pé wọn yóò fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un. Kó tó di ìsinmi ọ̀sán, àwọn méjì tó ń bá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì ti kó ìwé wọn lọ sí ẹ̀yìn. Ẹnìkan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ "Àrò" sórí tábìlì rẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà bó ti ń fi apá aṣọ rẹ̀ nù ún, aṣọ aláwọ̀ búlúù, ó ti funfun dé ìgbọ̀nwọ́. Kò sunkún. Ó wò mí, ó mọ̀ pé èmi ni. Kò parí sáà yẹn pẹ̀lú wa.

Láti ìgbà náà, ohun tí olùkọ́ yẹ kó ṣe ni mo ń sọ fún un, n kì í sọ orúkọ àìsàn. "Bó bá tọrọ ààyè láti jáde, jẹ́ kó jáde. Má pè é lójijì níwájú kíláàsì. Oògùn tó ń lò lè mú un sùn lówùúrọ̀, má nà án." Olùkọ́ kò nílò ju ìyẹn lọ. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023, tó rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1958 tó ń pe aláìsàn ní asínwín, kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fi àìsàn ọpọlọ dẹ́yẹ sí ènìyàn. Inú mi dùn sí i, àmọ́ òfin kì í sí ní kíláàsì nígbà tí ṣọ́ọ̀kì bá wà lọ́wọ́ ọmọdé.

* * *

Ìyá ọmọ náà tún kọ̀wé: "Mo rí i lẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ó ti rẹ òun, pé ilé á fúyẹ́ bí òun kò bá sí níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí láti bi í, kí n má lọ fi èrò ikú sí i lọ́kàn."

Ẹ bi í. Lónìí yìí. Ẹ bi í tààrà pé ṣé ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè kò fi èrò náà síbẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó rí ìwé ìṣirò. Bó bá dáhùn, ẹ má wàásù, ẹ má sọ ohun tí ayé yóò wí, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ẹ kó gbogbo oògùn àti májèlé inú ilé sí abẹ́ àgádágodo. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan bá a sùn ní yàrá ní alẹ́ yìí. Bó bá ti mọ bí yóò ṣe ṣe é, ẹ má dúró di òwúrọ̀, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì. Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, kí dókítà rí i lọ́la, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹnìkan ní kí ẹ má sọ ọ́ ní ilé ìwòsàn nítorí ọlọ́pàá. Lóòótọ́, abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ka ìgbìyànjú láti pa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún kan, òfin yẹn sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé pa ọ̀rọ̀ mọ́lé. Èkó ti yí tirẹ̀ padà, ilé ìwòsàn ni òfin tiwọn ní kí adájọ́ fi ènìyàn ránṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n kò sí òfin kankan, níbí tàbí ní Èkó, tó ka sísọ fún dókítà pé ó ti rẹ òun sí ẹ̀ṣẹ̀.

* * *

Ó ti kọ̀wé padà lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Ó bi í, ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ti rò ó, òun kò sì mọ ẹni tí òun lè sọ fún. Wọ́n ti rí dókítà, wọn yóò máa padà lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bàbá kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n jí rí fóònù lórí ìrọ̀rí ọmọ náà. Ilé ẹ̀kọ́ wá ní kí wọ́n kọ ìwé ìdí tí kò fi wá fún ọjọ́ mẹ́rin, ìyá sì ń bi mí ohun tí òun yóò kọ, nítorí pé òun kò fẹ́ parọ́.

Ẹ kọ ọ́ pé ara rẹ̀ kò yá, pé ó ń gba ìtọ́jú, àti pé yóò máa gba ààyè ní ọjọ́ Ọjọ́rú láti rí dókítà. Irọ́ kò sí níbẹ̀. Ẹ má so káàdì ilé ìwòsàn mọ́ ọn. Bí wọ́n bá béèrè fún ìwé dókítà, ẹ fi lé olùdámọ̀ràn tàbí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ nìkan lọ́wọ́, nínú àpòòwé tí ẹ ti lẹ̀ pa. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí òun náà kà á, bó bá sì ní kí ẹ yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀, ẹ yọ ọ́.